AdBlue pọ́ǹpù, AdBlue kẹ́ẹ̀gì, òògùn inú ìgò, àbí kí wọ́n kúkú yọ ọ́: èwo ni ká mú fún mọ́tò dísù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa van dísù nílùú ọba yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi í gbé ẹrù oníbàárà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ẹrù lọ sí èbúté Tilbury láti fi ránṣẹ́ sílé, ẹ mọ iná kan tó máa ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ pé AdBlue ti fẹ́ tán, ó ku iye máìlì báyìí kí mọ́tò má stáàtì mọ́. Tí iná yẹn bá tàn tẹ́ ẹ bi èèyàn mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n máa júwe. Ọ̀kan á ní kẹ́ ẹ lọ fà á ní pọ́ǹpù, ìkejì á ní kẹ́ ẹ ra kẹ́ẹ̀gì, ìkẹta á ní òògùn kan wà nínú ìgò tó dáa ju gbogbo ẹ̀ lọ, ìkẹrin á ní òun mọ ẹnì kan tó máa bá yín pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mọ́tò, ẹ ò ní náwó lé e mọ́ láyé. Mo fẹ́ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ síbí ká wò wọ́n pọ̀. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń ká mi lára jù ni afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń fà símú lẹ́bàá títì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe. AdBlue kì í ṣe epo, kì í tiẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì rárá. Yúríà ni, ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù jẹ́ omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú ẹ̀ kúrò. Ó ní táńkì tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọrí ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù. Kọ̀ǹpútà mọ́tò á máa fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sínú sàlẹ́ńsà tó ti gbóná, ooru yẹn á sọ yúríà di amóníà, amóníà náà á wá pàdé gáàsì burúkú tí wọ́n ń pè ní NOx nínú kátálíìsì tó ń jẹ́ SCR, ohun tó máa wá jáde lẹ́yìn mọ́tò ni oru omi àti naitrójìn, irú naitrójìn tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tá à ń mí síta mí sínú yìí náà, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ìlànà èéfín Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Euro ṣe le tó ló jẹ́ kí wọ́n gbé e wá: mọ́tò kékeré dísù Euro 5 lè tú NOx 180 mílígíráàmù lórí kìlómítà kan, Euro 6 ò gbọdọ̀ ju 80 lọ. Láti September 2015 ni gbogbo mọ́tò kékeré tuntun tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù ti gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 6, àwọn tírélà ti ń lo AdBlue ṣáájú ìyẹn. Kì í ṣe gbogbo mọ́tò Euro 6 ló ní SCR o, nítorí náà ẹ wo inú ìwé mọ́tò yín. Tí SCR ò bá sí lára ẹ̀, kò sí ohun tí AdBlue fẹ́ ṣe fún yín.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú. AdBlue jẹ́ orúkọ tí VDA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Jámánì, fi sábẹ́ òfin pé tàwọn ni. Ní Amẹ́ríkà DEF ni wọ́n ń pè é, ní Brazil ARLA 32 ló máa wà lára kẹ́ẹ̀gì. Ohun kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ohun tójú yín máa wá lára ẹ̀ ni ISO 22241, nọ́ńbà ìlànà àgbáyé tó sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó.

Pọ́ǹpù àbí kẹ́ẹ̀gì

Àwọn kan á máa sọ pé ti pọ́ǹpù ti là, ti kẹ́ẹ̀gì ló ṣe é fọkàn tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí méjèèjì bá ti jẹ́ ISO 22241, ohun kan náà ló wà nínú wọn, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni owó, bó ṣe pẹ́ nílẹ̀ tó, àti ohun tó kàn án kó tó wọ táńkì yín, èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an làwọn èèyàn ò kì í kà sí.

Ti pọ́ǹpù, owó lítà ẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ torí ẹ ò sanwó ike mọ́ ọn. Ó tún máa ń jẹ́ tuntun, pàápàá níbi táwọn tírélà ti ń dúró, wọ́n ń fà á lójoojúmọ́, kò ráyè pẹ́ nílẹ̀. Ẹ ò gbé nǹkan wúwo, kò sì ta sí yín láṣọ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ilé epo ló ní in, àti pé pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún tírélà máa ń tú pẹ̀lú agbára, táńkì mọ́tò kékeré á ti kún, á tú padà sí yín lára kẹ́ ẹ tó mọ̀. Àwọn míì tún wà tó jẹ́ pé magnet gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu táńkì kí pọ́ǹpù tó ṣí, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà ṣèèṣì fa AdBlue sínú táńkì dísù, àwọn mọ́tò kékeré kan ò sì ní magnet yẹn, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní tú. Èyí tó wà níbi táwọn mọ́tò kékeré ti ń ra epo ni kẹ́ ẹ wá.

Kẹ́ẹ̀gì ẹ̀wẹ̀, lítà mẹ́wàá ló wọ́pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó kìlógíráàmù 11. Àǹfààní ẹ̀ ni pé ó wà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pátì mọ́tò, ẹ sì lè fi ọ̀kan sílé de ìgbà tí iná yẹn máa tàn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo síìlì ẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ wo ISO 22241 lára ẹ̀, tí ọ̀kan bá dín nínú mẹ́ta yìí, ẹ gbé e kalẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ọjọ́ yẹn torí pé ooru ló ń pa AdBlue. Níbi tí ò gbóná ju 10°C lọ, ó lè lo oṣù 36, ní 25°C ó di oṣù 18, ní 30°C ó di oṣù 12, tó bá wà níbi tó ń tó 35°C, oṣù mẹ́fà péré ni. Òtútù ò kì í bà á jẹ́ ní tiẹ̀. Nǹkan bí 11°C lábẹ́ òdo ló máa ń dì, tó bá yọ́ padà ó ṣì dáa bó ṣe wà, táńkì inú mọ́tò sì ní ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná nígbà yìnyín.

Ibi tí kẹ́ẹ̀gì ti ń fa wàhálà ni àrọ. Àrọ tẹ́ ẹ fi da ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì lánàá, ẹ fọ̀ ọ́ lónìí ẹ fi da AdBlue, ọ̀rá tó kù lára ẹ̀ lè máà ju ẹ̀kán kan lọ, ó sì tó láti ba nǹkan jẹ́. Omi ẹ̀rọ náà ò gbọdọ̀ kàn án, calcium inú omi ẹ̀rọ London pọ̀, sára kátálíìsì ló máa lọ lẹ̀ mọ́, bí ẹfun funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù. Kò gbọdọ̀ kan bàbà, kò gbọdọ̀ kan idẹ tàbí irin lásán, torí ó ń jẹ wọ́n, ike tàbí stainless nìkan ló gbà á. Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ ra kẹ́ẹ̀gì tó ní ẹnu ìdà tiẹ̀, kẹ́ ẹ gbàgbé àrọ pátápátá.

Lójú tèmi, ẹni tó ń fi van ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, pọ́ǹpù ni kó máa lọ, kó máa fi kún un tó bá ti ń ra dísù. Mọ́tò ilé tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìwé ọmọ nìkan ló ń lọ, ẹ ra kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ dà á tán lẹ́ẹ̀kan tí táńkì bá gbà á, ẹ má tọ́jú ìlàjì ẹ̀ sí ṣẹ́ẹ̀dì. Mọ́tò kékeré sábà máa ń lo bíi lítà kan fún 600 sí 1,000 kìlómítà, tírélà lè lo lítà mẹ́ta sí mẹ́fà sí ọgọ́rùn-ún lítà dísù. Ẹni tó ní mọ́tò mélòó kan nínú bísínẹ́ẹ̀sì lè ra táńkì ike oní 1,000 lítà, ó máa dínwó gan-an, ṣùgbọ́n kó ṣírò ẹ̀ kí ọjọ́ má lọ lórí ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìparí 2021 nígbà tí Ṣáínà dín yúríà tó ń jáde lọ́dọ̀ wọn kù, tí àwọn onítírélà South Korea ń tò síwájú ilé epo, àmọ́ kéèyàn wá kó ti ọdún mẹ́ta pa mọ́ ò bọ́gbọ́n mu, ẹ ti rí iye oṣù tó ń lò.

Ẹ má dúró kó tán. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń jáde tó bá ku bíi 1,500 máìlì, àwọn èèyàn á ní ó ṣì pọ̀, wọ́n á máa lọ. Tó bá di òdo pẹ́nrẹ́n, ẹ́ńjìnnì ò ní kú lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pa á, kò ní stáàtì mọ́ títí ẹ fi máa da AdBlue sí i, tírélà tiẹ̀ á kọ́kọ́ dín agbára ẹ̀ kù. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì da AdBlue sínú táńkì dísù, tàbí dísù sínú táńkì AdBlue, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rárá, ẹ pe ẹni tó máa fà á jáde. Tẹ́ ò bá tíì stáàtì, fífọ táńkì lásán ni, tẹ́ ẹ bá ti stáàtì, pátì rírà ló kàn.

Èyí tí wọ́n pò nílé ńkọ́?

Rárá. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí fídíò táwọn èèyàn ti ń po yúríà ajílẹ̀ mọ́ omi. Yúríà ajílẹ̀ máa ń ní ìdọ̀tí kan tó ń jẹ́ biuret, tó lè tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ISO 22241 ò sì gbà ju 0.3 lọ, wọ́n tún máa ń fi nǹkan pa ajílẹ̀ lára kó má baà lẹ̀ pọ̀ nínú àpò, gbogbo ìyẹn ló máa lọ dì sẹ́nu ínjẹ́ktọ̀. Àwọn tó ń sọ pé ìtọ̀ lè ṣe é náà ń tan ara wọn ni, yúríà inú ìtọ̀ ò ju bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, iyọ̀ ló kún inú ẹ̀. Owó tẹ́ ẹ máa fi pa mọ́ lórí kẹ́ẹ̀gì kan, kátálíìsì á gbà á lọ́wọ́ yín ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Òògùn inú ìgò

Ibí làwọn èèyàn ti ń ṣi nǹkan gbé jù, torí oríṣi mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ kan náà, iṣẹ́ wọn ò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ni èyí tẹ́ ẹ máa dà sínú dísù láti fọ ínjẹ́ktọ̀ tàbí láti ran fíltà èéfín lọ́wọ́. Ó lè dín èéfín dúdú kù díẹ̀ tí ínjẹ́ktọ̀ bá ti dọ̀tí. NOx kọ́ ló ń bá jà, kò sì lè pa iná AdBlue. Ẹni tó bá tà á fún yín pé ó dípò AdBlue ti purọ́ fún yín.

Ìkejì ni èyí tó ń jẹ́ Eolys. Peugeot ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde, ní 2000, lára 607. Òun náà ní táńkì kékeré tiẹ̀, mọ́tò fúnra ẹ̀ ló ń fọ́n ọn sínú dísù kí èérí dúdú inú fíltà lè tètè jóná. Torí pé òun náà wà nínú táńkì lọ́tọ̀, àwọn míì rò pé AdBlue ni. Kì í ṣe òun. Mọ́tò kan tiẹ̀ lè ní méjèèjì lára, ẹ ò gbọdọ̀ da ọ̀kan sínú èkejì.

Ìkẹta ni èyí tẹ́ ẹ máa dà mọ́ AdBlue fúnra ẹ̀ kó má baà dì bí iyọ̀. Eléyìí ní ìdí. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà kúkúrú lẹ máa ń rìn, ilé sí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù sí ilé, sàlẹ́ńsà ò kì í gbóná tó, SCR sì ń fẹ́ ooru bíi 200°C kó tó lè ṣiṣẹ́ gidi, yúríà ò ní di amóníà tán, á wá gan funfun sẹ́nu ínjẹ́ktọ̀. Òògùn yìí lè dín in kù, mi ò ní sọ pé ẹ má rà á, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ba ìlànà ISO 22241 jẹ́. Kẹ́ ẹ tó náwó náà, ẹ kọ́kọ́ gbé mọ́tò yẹn sórí mọ́tòwéè fún bí ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ kan. Ìyẹn ń ṣe ohun tí òògùn ń ṣe, ó tún ń ran fíltà èéfín lọ́wọ́, kò sì ná yín ní ju dísù lọ. Tó bá ti dì pa, òògùn ò lè tú u mọ́, mẹkáníìkì máa ní láti tú ínjẹ́ktọ̀ sílẹ̀, omi gbígbóná lásán sì sábà máa ń yọ ìdọ̀tí funfun yẹn.

Títún un ṣe àbí yíyọ ọ́

Tí iná AdBlue ò bá kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kún táńkì, ìgbà yẹn ni ẹni kẹrin á dé pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, á ní òun máa dìlíìtì ẹ̀, ṣápùṣápù, owó pọ́ọ́kú. Mo mọ ìdí tó fi wọ àwọn èèyàn létí. Pátì SCR wọ́n. Sẹ́ńsọ̀ NOx wọ́n, pọ́ǹpù inú táńkì AdBlue wọ́n, nígbà míì wọ́n á ní ẹ ra táńkì lódindi. Ẹni tó jẹ́ pé van yẹn ló fi ń bọ́ ilé, tí iṣẹ́ ń dúró dè é láàárọ̀ ọ̀la, ó lè rò pé kò sí ọ̀nà míì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí, torí àwọn oníláptọ́ọ̀pù ò ní sọ ọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún SCR, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó máa jó epo gbóná dáadáa kó má baà mu dísù jù, jíjó gbígbóná yẹn ló sì ń bí NOx, ọkàn wọn balẹ̀ torí SCR wà lẹ́yìn tó máa fọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá wá pa SCR, mọ́tò tuntun yín lè máa tú NOx ju ti àtijọ́ tí ò ní SCR rárá lọ. Kì í rùn bí èéfín dúdú, ẹ ò ní fojú rí i, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń sọ pé mọ́tò àwọn ṣì mọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Láti wa mọ́tò tí wọ́n ti yọ èyí lára ẹ̀ lójú títì lòdì sófin Britain, tí wọ́n bá rí i ní MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, pé wọ́n ti yọ ohun tó ń fọ èéfín tàbí pé wọ́n ti yí i padà, mọ́tò ò ní páàsì, àwọn DVSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò, sì ti ń dá tírélà dúró lójú ọ̀nà láti 2017 wá irú ẹ̀rọ ẹ̀tàn yẹn. Ní London, láti August 29, 2023 ni ULEZ, agbègbè tí mọ́tò tí èéfín ẹ̀ ò mọ́ tó ti ń sanwó, ti gba gbogbo ìlú, dísù tí ò tó Euro 6 ń san £12.50 lójúmọ́, tírélà àti bọ́ọ̀sì ńlá tí ò tó Euro VI ń san £100 ó kéré tán lábẹ́ LEZ, òfin tiwọn. Àwọn kan á ní kámẹ́rà ò mọ̀ pé wọ́n ti dìlíìtì ẹ̀. Òótọ́ ni, nọ́ńbà mọ́tò ni kámẹ́rà ń kà, kò lè ka èéfín.

Àyà ọmọdé ló ń kà á. Ella Adoo-Kissi-Debrah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìtòsí South Circular ní Lewisham ni wọ́n ń gbé, asthma pa á ní February 2013. Ìyá ẹ̀, Rosamund, ò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kú bẹ́ẹ̀. Ní December 2020, coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ohun tó pa èèyàn, sọ ọ́ gbangba pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí wà lára ohun tó fa ikú ọmọ náà, ó dárúkọ nitrogen dioxide, ọ̀kan lára àwọn gáàsì NOx, ó ní èéfín mọ́tò ló pọ̀ jù nínú ibi tó ti ń wá. Àwọn èèyàn wa kún Lewisham, wọ́n kún Peckham àti Thamesmead, ẹ̀gbẹ́ irú títì bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé àwọn ọmọ wa wà. Èmi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dìlíìtì ẹ̀, iye yòówù kí pátì jẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe dípò ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ka kóòdù mọ́tò ná kẹ́ ẹ tó ra pátì kankan. Ẹnu ínjẹ́ktọ̀ tó dí ò wọ́n rárá láti fọ̀, AdBlue tó ti bà jẹ́ ò ju kí wọ́n fà á dànù kí wọ́n da tuntun sí i, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á fi refractometer wò ó kíákíá bóyá yúríà inú ẹ̀ pé. Mẹkáníìkì tó bá sọ pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ gbogbo táńkì láì wo méjì yìí, ẹ lọ bi ẹlòmíì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé

Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà yàtọ̀ díẹ̀. Dísù tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù ò gbọdọ̀ ní imí ọjọ́ ju 10 ppm (ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan) lọ, ìlànà ECOWAS gba 50, imí ọjọ́ sì wà lára ohun tó ń pa kátálíìsì. Ooru náà wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì AdBlue tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù ní Ládípọ̀ ò lè pẹ́ tó ti Manchester, kì í sì í ṣe gbogbo ilé epo lẹ ti máa rí i rà. Ó ń dùn mí, torí yúríà ò wọ́n wa, ilé iṣẹ́ Dangote ní Lẹ́kí nìkan lè ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ́dún, Indorama tún wà ní Eleme. Èyí tó mọ́ tó fún SCR, pẹ̀lú omi tí ò ní iyọ̀, ló yẹ káwọn oníṣòwò wa máa gbé jáde lọ́pọ̀ yanturu.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé Èkó sí Ìbàdàn ni mọ́tò náà fẹ́ máa ná, tẹ́ ẹ sì ti mọ ẹni tó ń ta AdBlue tó ní ISO lára, ẹ gbé Euro 6 lọ, tàbí tírélà Amẹ́ríkà tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ 2010 sókè, ẹ má sì ra ju ohun tó máa tán láàárín oṣù mẹ́fà lọ. Tó bá jẹ́ pé ibi tó ń lọ ò ní AdBlue rárá, ẹ ra èyí tí wọn ò ṣe SCR sí láti ilé iṣẹ́, ẹ má gbé tuntun lọ kí wọ́n tún lọ ya inú ẹ̀ síta. Kẹ́ ẹ tó sanwó tòkunbọ̀ èyíkéyìí, ẹ ṣí ọmọrí búlúù yẹn wò. Tí inú ẹ̀ bá gbẹ, tó kún fún eruku, tí kọ̀ǹpútà mọ́tò náà ò sì sọ nǹkan kan, wọ́n ti dìlíìtì ẹ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ sì yọ owó àtúnṣe SCR kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san.